Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Bí A Ṣe Kọ Owó Ńlá Tí A sì Tọ́jú Owó Kékeré ní Ṣakí

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kéde owó ìdánwò WAEC lọ́dún náà, ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ ní Ṣakí. Bàbá rẹ̀ ti ta gbogbo iṣu tó kó jọ, síbẹ̀ owó náà kò tó ìdajì ohun tí ilé ẹ̀kọ́ béèrè. Ó ní, “Àǹtí, bí n kò bá ṣe ìdánwò yìí, wọn yóò ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ ni.” Èmi tí mo ń fi abẹ́rẹ́ jẹun mọ̀ pé kò sí àbùkù nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ohun tó dùn mí ni pé kì í ṣe òun ló yàn án.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe àwọn tí a jọ jáde ìwé mẹ́wàá. A pé mẹ́rìnlá. A kọ orúkọ ọmọ méje tí ọ̀rọ̀ wọn rí bákan náà sílẹ̀, a sì kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ ìlú wa ní Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pọ̀ ló ṣèlérí, díẹ̀ ló fi nǹkan ránṣẹ́. Olówó kan nìkan ló ní òun yóò san ti ọmọ méjèèje. Ṣùgbọ́n òun ni yóò máa yan àwọn ọmọ láti ìsinsìnyí lọ, wọn yóò sì wọ aṣọ tí a tẹ àwòrán rẹ̀ sí lọ sí ìpàdé ìpolongo ìbò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà pín wa sí méjì. Èmi wà lára àwọn tó ní kí a gbà á. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Bàbá Tíṣà, ẹni tó kọ́ púpọ̀ nínú wa, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dípò kí ó dá sí ẹjọ́ wa, ìtàn ló sọ. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sàró, kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ láti dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé. Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan lò ní 1928, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní 1929, Ṣólàńkẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi padà sílé. Títí di 1932 ló ń lọ láti ìlú dé ìlú ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, tó sì ń gba owó lọ́wọ́ ọba, oníṣòwò àti àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní 1933, ilé WASU ṣí ní Camden Road. Ọpẹ́olú, ìyàwó Ṣólàńkẹ́, wá di ìyá ilé náà.

Ní 1934, ìjọba amúnisìn ṣí ilé tiwọn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n pè é ní Aggrey House. WASU ta kò ó, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tó ni ilé ni yóò máa ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń sọ níbẹ̀. Bàbá Tíṣà kò fi ọ̀kan pamọ́: nígbà tó yá, WASU náà gba ìrànwọ́ ìjọba. Ó wá bi wá pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ni wọ́n ti ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó gbà á?”

A kọ owó olówó náà. A fi ohun tí a bá nílé bẹ̀rẹ̀: àjọ. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá lọ́sẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀pà àti èlùbọ́ lọ́jà dara pọ̀ mọ́ wa. Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń hun aṣọ òkè ní Ìṣẹ́yìn fi ẹtù kan sílẹ̀ kí a tà á. Ní ìparí oṣù, a máa ń ka ìwé owó sókè lójú gbogbo ènìyàn: iye tó wọlé, iye tó jáde, orúkọ ẹni tí kò tíì dá tirẹ̀, títí kan èmi.

Ìpinnu wa kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ọmọ méje, owó wa ká mẹ́ta péré. Àwọn tí ìdánwò ti fo dá lẹ́ẹ̀kan rí la kọ́kọ́ sanwó fún, ọmọbìnrin tó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kò sì sí lára wọn. Èmi ni mo lọ sọ fún un. N kò rí i kó sunkún. Ó kàn béèrè bóyá ìwé wa yóò ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìwé náà wà. A ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó wà lájò, àwọn tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kíní sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ láìdá májẹ̀mú kankan lé e. Lọ́dún kejì, a san ti ọmọ mẹ́rin tó kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti kówó jọ fún àdúgbò yín, ẹ kọ́kọ́ dá tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ka ìwé yín.

Ọmọbìnrin náà yege. Ní oṣù tí èsì jáde, ó wá jókòó ní ìpàdé, ó tú etí ìró rẹ̀, ó sì ka ọ̀ọ́dúnrún náírà sórí tábìlì. A kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà kẹẹ̀ẹ́dógún.