Mo Gbọ́ "Dúró", Kí Ló Dé Tí Ọwọ́ Mi Ò Dúró?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ka èyí tán kí aago tó lù.

Nígbà ìkórè kòkó tó kọjá, èmi àti àwọn ará ilé wa wà lóko ní ọjọ́ Sátidé kan, à ń fọ́ kòkó. Èmi ni mo mú àdá, àbúrò mi ọkùnrin ló ń kó èso sún mọ́ mi. Mo ti gbé àdá sókè, mo ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ni èso kan bá yí, àbúrò mi sì na ọwọ́ láti mú un. Ìyá mi kígbe pé, "Dúró!" Mo gbọ́. Mo gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n àdá ti débẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wá, ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀ ló bà. Wọ́n rán an ní ọsibítù, ó sì ti jinná. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà ni kò jinná lọ́kàn mi: "Àbí o ò gbọ́ ni?"

Tíṣà wa tó ń kọ́ wa ní báólọ́jì ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ti ń ṣe ìwádìí nǹkan yìí tipẹ́: báwo ni èèyàn ṣe ń dá ohun tó ti bẹ̀rẹ̀ dúró, báwo ló sì ṣe ń pẹ́ tó? Wọ́n fún mi ní ohun tí màá kà. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Ẹṣin méjì tó ń sáré

Lọ́dún 1984, Gordon Logan àti William Cowan kọ àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ ṣì ń lò títí dòní. Wọ́n ní ká wò ó bí ẹni pé ẹṣin méjì ló ń sáré ìje nínú orí wa. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní "Ṣe É", ká pe èkejì ní "Dúró". Ṣe É ló máa ń kọ́kọ́ gbéra. Dúró kì í gbéra àfi ìgbà tí etí bá gbọ́ igbe tàbí tí ojú bá rí ewu. Bí Dúró bá kọ́kọ́ dé òpin, ọwọ́ á dúró. Bí Ṣe É bá ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé Dúró ò sáré o, ó pẹ́ kó tó gbéra ni.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye àsìkò rẹ̀?

Ibí yìí ló dùn mọ́ mi jù. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà lè sọ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dáwọ́ dúró tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, kí la fẹ́ wọ̀n? Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀!

Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n dá. Wọ́n á gbé èèyàn síwájú kọ̀ǹpútà. Bí ọfà bá yọ tó kọjú sí ọ̀tún, kó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún. Bó bá kọjú sí òsì, kó tẹ ti òsì, kó sì yára. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, ohùn kan á dún lẹ́yìn tí ọfà ti yọ. Bó bá ti gbọ́ ọ, kó má tẹ nǹkan kan. Orúkọ ìdánwò yìí lédè Òyìnbó ni stop-signal task.

Bí ẹni náà bá rí ọwọ́ rẹ̀ dá dúró, kọ̀ǹpútà á jẹ́ kí ohùn náà pẹ́ sí i díẹ̀ nígbà mìíràn kó tó dún. Bí kò bá rí i dá dúró, ohùn á tètè dún. Ìdá 50 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n sábà máa ń fi sún un síwájú tàbí sẹ́yìn. Tó bá yá, á di pé nínú ìgbà méjì tí ohùn bá dún, á ṣàṣeyọrí lẹ́ẹ̀kan, á kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹṣin méjèèjì ń dé òpin pọ̀. Ìṣirò ló kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé títẹ bọ́tìnnì ń gba ẹnì kan ní ìdá 450, tí ohùn sì ń dún ní ìdá 230 lẹ́yìn tí ọfà yọ. Ẹ yọ 230 kúrò nínú 450, ó ku 220. Àsìkò tí Dúró fi sáré nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fojú rí i!

Fún ọ̀dọ́ tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ le, ó sábà máa ń wà láàárín 200 sí 250. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn. Ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọdé, ó sì tún máa ń pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà. Wọ́n tún rí i pé ó máa ń ṣòro fún àwọn tó fara pa níwájú ọpọlọ lápá ọ̀tún.

Iṣẹ́ kan tún jáde lọ́dún 2016 láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ kan ní Berlin, ní Jámánì. Ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn fi ń tẹ nǹkan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń wo ọpọlọ wọn láti lè dá wọn dúró kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n rí i pé bó bá ti ku nǹkan bí ìdá 200 kí ẹsẹ̀ gbéra, ẹ̀pa ò bóró mọ́: ẹsẹ̀ á kọ́kọ́ gbéra ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà mìíràn wọ́n ṣì lè dá a dúró lágbedeméjì.

Ẹ dán an wò

Ẹ ò nílò kọ̀ǹpútà. Kí ẹnì kan máa na ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì sókè, kí ẹ̀yin máa yára gbá tábìlì lápá ibẹ̀. Kí ẹlòmíràn máa fọn fèrè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ò sì gbọdọ̀ gbá tábìlì bí ẹ bá gbọ́ ọ. Bí fèrè bá tètè dún, ó rọrùn. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ó gbọ́ fèrè, ẹ ó sì gbọ́ ìró ọwọ́ yín lórí tábìlì pẹ̀lú! Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de fèrè o. Ẹni tó bá ń dúró dè é ti ba ìdánwò náà jẹ́.

Ìdáhùn mi fún bàbá mi

Mo ti sọ fún bàbá mi báyìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo gbọ́. Dúró ló pẹ́ kó tó gbéra." Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa. Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí agbára ìdádúró wa bá ní ibi tó mọ, a jẹ́ pé kí àdá tó gbéra ló yẹ ká ti ronú. Nílé wa báyìí, ẹni tó ń ṣa èso kì í jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fọ́ kòkó mọ́. Kùmọ̀ igi la sì ń lò dípò àdá, kò ní gé ọwọ́, kò sì ní gé hóró kòkó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tó lé ní 600, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́bàá ọ̀nà ní Òdòdé. Bí ọ̀kadà bá yọ, ẹ lè gbọ́ igbe kí ẹsẹ̀ má gbọ́. Ẹ kúrò lẹ́bàá títì kí bọ́ọ̀lù tó yí.

Àti ẹnu wa náà. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni fi ọfà àti bọ́tìnnì wọn ti ẹnu. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ti gbà pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó sì ti ń bá mi lọ sóko padà. Òdìkejì ló ń jókòó sí.