Baklava Tí Kò Ní Bọ́tà, Tí Kò Sì Lóyin

Ará Gíríìsì ní tàwọn ni, ará Tọ́kì ní tàwọn ni: ìjà baklava kò tán. Fúláwà tí a tẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi pépà ni wọ́n ń tò léra. Wọn a bu kóró èso gígún sáàárín rẹ̀, wọn a yan án, wọn a wá fi omi dídùn rin ín. Wọ́nọ́ọ̀tì ló wọ́pọ̀ nínú ti Gíríìsì. Písítáṣíò ni ti Gaziantep ní Tọ́kì, ìlú tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin dáàbò bo orúkọ baklava rẹ̀ láti ọdún 2013.

Ẹni tí kì í jẹ ohun tó ti ara ẹran tàbí kòkòrò wá kò ní ohun púpọ̀ láti yọ níbẹ̀ ju bọ́tà àti oyin lọ. Àwọn ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì ní Gíríìsì kì í jẹ ẹran, ẹyin àti wàrà nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, nítorí náà òróró ni wọ́n ń lò dípò bọ́tà.

Ohun tó wà nílẹ̀ wa

Ìpanu ẹ̀pà tí kò ní bọ́tà kì í ṣe àjèjì ní Ìlarò àti Ayétòrò. Ẹ̀pà yíyan àti ṣúgà ni sísí pẹ́lẹ́bẹ́: bí ṣúgà bá ti yọ́ tó pọ́n, wọn a da ẹ̀pà sí i, wọn a tẹ́ ẹ sórí pátákó, wọn a gé e kó tó gan. Kúlíkúlí ńkọ́? Ẹ̀pà tí a fún òróró rẹ̀, tí a tún dín nínú òróró kan náà ni. Bí a bá kọjá Ìdìrókò wọ Bẹ̀nẹ̀, kluiklui ni wọ́n ń pè é, ti agbègbè Agonlin ló sì lókìkí jù.

Kajú náà wà. Àwọn Potogí ló gbé e wá láti Bùràsíìlì. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa lọ sókè òkun, kí iṣẹ́ pípa á má baà bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi awùsá ṣe baklava yìí: kì í ṣe wọ́nọ́ọ̀tì ti Gíríìsì, ó sì máa ń korò lẹ́nu.

Àsìkò

Oṣù Kejì sí Kẹrin: kajú ń pọ́n. Lẹ́ńtì náà ń bọ́ sí àárín rẹ̀.

Oṣù Keje sí Kẹjọ: ẹ̀pà àkọ́kọ́ ń jáde. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Òjò ń jẹ́ kí baklava tètè rọ̀.

Oṣù Kọkànlá sí Kejìlá: ẹ̀pà ìkejì ń jáde, ọyẹ́ sì ń dé. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi bo fúláwà, kó má baà gbẹ kó ya.

Ṣíṣe

Ẹ po kọ́ọ̀pù fúláwà 4, omi kọ́ọ̀pù kan àti díẹ̀, ṣíbí òróró 3, ṣíbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ 1 àti iyọ̀ díẹ̀ títí yóò fi dán. Ẹ bò ó fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ gé e sí ọ̀nà 20. Ẹ fi ìgò mímọ́ tẹ ìkọ̀ọ̀kan tó àwo kékeré. Ẹ wọ́n sítáàsì ẹ̀gẹ́ sáàárín wọn kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra, ẹ to mẹ́wàá léra, kí ẹ tún tẹ̀ wọ́n pọ̀ kí wọ́n fẹ̀. Bákan náà ni kí ẹ ṣe mẹ́wàá yòókù.

Ẹ gún kajú àti ẹ̀pà yíyan, kọ́ọ̀pù 3, pẹ̀lú kanafuru àti atalẹ̀ gbígbẹ. Fúláwà mẹ́wàá nísàlẹ̀, ẹ̀pà láàárín, mẹ́wàá lókè. Ẹ gé e kó tó wọ ófùnù, kí ẹ da òróró ẹ̀pà gbígbóná bíi kọ́ọ̀pù kan lé e. Wákàtí kan tó o ní 170°C.

Ẹ ti kọ́kọ́ se kọ́ọ̀pù ṣúgà 2, omi kọ́ọ̀pù kan àbọ̀ àti ìdajì ọsàn wẹ́wẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, kó sì ti tutù. Orí baklava gbígbóná ni kí ẹ dà á sí. Bí méjèèjì bá gbóná, yóò rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ìkìlọ̀

Mágárínì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ọjà ń pè ní bọ́tà, wàrà sì wà nínú òmíràn. Ẹ ka ara ike rẹ̀. Ẹ̀pà tó bu, dídànù ni: iná kì í pa oró aflatoxin inú rẹ̀ tán. Ẹ má fọwọ́ la kajú tútù, oje èèpo rẹ̀ ń bó ni lára. Ara àwọn kan kì í gba ẹ̀pà. Ẹ sọ fún àlejò kó tó jẹ ẹ́. Nínú ike tó ní ìdérí, láìwọ fíríìjì, baklava yìí lè tó ọ̀sẹ̀ kan.