Bí Òbí Ṣe Lè Rí Ìrànlọ́wọ́ Gbà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Tí Ó Ní Àìní Àrà Ọ̀tọ̀

Nínú àwọn ìjọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ England, kò ṣọ̀wọ́n láti rí òbí tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ránṣẹ́ pè lemọ́lemọ́ nítorí ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, tàbí kí ó má tíì mọ ìwé kà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kà á. Nílé, a ó ní olórí kunkun ni. A ó gbàdúrà, a ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nítorí ìtìjú. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin ọdún 2014 nípa àwọn ọmọdé àti ìdílé fún òbí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ lọ rí olùkọ́ tí wọ́n ń pè ní SENCO. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ní láti ní irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣàkíyèsí, ìrànlọ́wọ́ tí wọn yóò ṣe, àti ọjọ́ tí wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ àdéhùn náà sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Bí èyí kò bá tó, ẹ̀yin fúnra yín lè kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọmọ náà fún ìwé ètò tí à ń pè ní EHCP. Kò di dandan kí dókítà ti sọ orúkọ àìsàn kan. Láàrin ọ̀sẹ̀ 6, ó yẹ kí wọ́n sọ bóyá wọn yóò ṣe àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fúnni ní ìwé ètò náà, kí ó jáde láàrin ọ̀sẹ̀ 20. Ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà púpọ̀, nítorí náà ẹ má gbàgbé láti kọ ọjọ́ sí lẹ́tà yín. Ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ tí ìwé ètò náà bá là kalẹ̀ di dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ láti pèsè.

Bí wọ́n bá kọ̀, oṣù 2 ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, láìsan owó. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ní láti kọ́kọ́ kàn sí agbaninímọ̀ràn lórí ìlàjà. Ọ́fíìsì SENDIASS tí ó wà fún àdúgbò yín yóò tọ́ yín sọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù pé Yorùbá tí à ń sọ nílé ni ó fa ìṣòro náà. Òfin kan náà sọ pé èdè mìíràn tí ọmọ ń sọ nílé nìkan kò tó láti pè é ní ẹni tí ó ní ìṣòro ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ń nira fún un ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ó ti ń nira ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ lè mọ èyí.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, bí òbí kan bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí lọ̀ yín, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì bá a kọ lẹ́tà náà.