Jígí Gaara, Asà Ojú Ẹni tí ń Gun Kẹ̀kẹ́ ní Wíríwírí Alẹ́

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, ẹsẹ̀ oníkálukú ni ọkọ̀ rẹ̀, àgbẹ̀ tí ń ti oko bọ̀ a sì máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè rí ẹ̀ka igi tí ó yọrí sójú ọ̀nà, kí ó yẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ológere tí ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tàbí ẹni tí alùpùpù ń gbé sáré ní kìlómítà 60 láàárín wákàtí kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí mítà 17 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, kò ní òkèèrè kankan mọ́, nítorí pé kí ó tó wo igi gogoro, igi gogoro ti dé ojú rẹ̀.

Ní Ìtapàjí, ní ìhà àríwá Èkìtì Kete, ilẹ̀ olókè, níbi tí a ti sé odò di adágún ńlá, ìdájí ni àgbẹ̀ ń jáde lọ sí oko, wíríwírí alẹ́ ni ó sì ń padà. Ní ọ̀sán gangan, ẹlòmíràn a fi jígí dúdú bojú nítorí oòrùn. Bí oòrùn bá wọ̀ tán, tí kò sì ríran dáadáa mọ́, a bọ́ ọ, a tì í bọ àpò, a sì fi ojú lásán kọjú sí afẹ́fẹ́. Wákàtí yẹn gan-an ni ẹ̀súnsún àti oríṣìíríṣìí kòkòrò ń jáde, tí iná alùpùpù ń fà wọ́n mọ́ra. Wákàtí yẹn náà ni ẹ̀ka igi tí ó tẹ̀ sí ojú ọ̀nà kì í hàn mọ́. Kókó ọ̀rọ̀ mi nìyí: ìgbà tí a ń bọ́ jígí kúrò ni ojú nílò jígí jù lọ. Dídá oòrùn dúró jẹ́ iṣẹ́ kan, dídá ohun tí ń fò dúró jẹ́ iṣẹ́ mìíràn, jígí tí ó mọ́ gaara bí omi orísun sì lè ṣe iṣẹ́ kejì yìí láìfi ìmọ́lẹ̀ du ẹni tí ó wọ̀ ọ́.

Ohun tí ojú mi rí ni mo ń sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé láìfi ohunkóhun bojú, àfi gbàmù tí kòkòrò kan tí kò tó èékánná wọ ojú mi ọ̀tún. Ojú ọ̀tún pa dé, ti òsì bá a kẹ́dùn, òun náà pa dé, omijé sì bò mí. Kẹ̀kẹ́ ń lọ, ẹni tí ó wà lórí rẹ̀ kò ríran. Ọlọ́run ni ó yọ mí tí kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fi gbà mí láìṣe mí léṣe. Láti ọjọ́ náà ni ó ti yé mi pé kì í ṣe ojú nìkan ni kòkòrò kékeré ń wu léwu, bí kò ṣe ẹ̀mí ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ àti ti ọmọ ọlọ́mọ tí ń fẹsẹ̀ rìn létí ọ̀nà.

Kí a tó lè yan jígí tí ó yẹ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ojú ń ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ọmọlójú, ihò dúdú tí ó wà láàárín ẹyinjú, ni ilẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀: nínú oòrùn a máa kéré tó mìlímítà 2, nínú òkùnkùn, ti ọ̀dọ́ a máa fẹ̀ tó 7 tàbí 8, ṣùgbọ́n ti àgbàlagbà kì í lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ògiri tí ó wà lẹ́yìn nínú ẹyinjú pẹ̀lú a máa mú ara rẹ̀ bá òkùnkùn mu, èyí a sì máa gbà á tó ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ní London, nínú oṣù Kẹfà, ìmọ́lẹ̀ tí ń ṣẹ́kù lẹ́yìn wíwọ̀ oòrùn a máa pẹ́ ju ìṣẹ́jú 40 lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, tí a súnmọ́ agbedeméjì ayé, oòrùn ń wọlẹ̀ ṣánṣán, nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 ni ilẹ̀ sì fi ń ṣú. Òkùnkùn wa ń sáré, ojú ń wọ́ tẹ̀lé e, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tí ó kù kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ́lẹ̀ wé oníṣòwò tí ó ru 100 owó ẹyọ bọ̀ wá sí ìlú tí a ń pè ní ojú. Jígí ni odi ìlú náà. Ara rẹ̀ ti ìta àti ara rẹ̀ ti inú ni bodè méjèèjì. Bí odi náà tilẹ̀ mọ́ gaara, oníbodè kọ̀ọ̀kan a máa dá nǹkan bí 5 padà, òun ni dídán tí a ń rí lára jígí, nǹkan bí 90 yóò sì wọlé. Ní 1935, Alexander Smakula, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì, rí ọ̀nà tí a fi ń kun jígí ní ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí ìmọ́lẹ̀ tí ìbá padà sẹ́yìn fi ń pa ara rẹ̀ rẹ́, àwọn oníbodè kò sì rí nǹkan gidi gbà mọ́. Ṣùgbọ́n ní ti jígí dúdú, inú odi gan-an ni a ti ń gbowó: nínú 100, 8 sí 18 péré ni ó ń dé ilé. Ẹni tí ó bá fi irú jígí bẹ́ẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ nírọ̀lẹ́ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe òru kí òru tó dé.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣètò ìwọ̀n jígí ní ilẹ̀ Yúróòpù fi pín wọn sí ọ̀nà márùn-ún, láti 0 dé 4. Ti 0 ń jẹ́ kí 80 ó kéré tán wọlé nínú 100. Ti 1 ń gba 43 sí 80 láyè. Ti 2 ń gba 18 sí 43. Ti 3 ni jígí oòrùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán. Ti 4 sì ṣókùnkùn débi pé èèwọ̀ ni fún ẹni tí ń wa ọkọ̀. Wọ́n tún là á sílẹ̀ pé èyí tí kò bá jẹ́ kí 75 wọlé kò yẹ fún ọkọ̀ wíwà ní wíríwírí tàbí lóru. Ti 0 ni kí ẹni tí ń ti oko bọ̀ fi sọ́kàn.

Ohun tí a fi ṣe jígí náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí yóò fọ́ sójú ẹni. Ní 1953, Hermann Schnell ní Jámánì àti Daniel Fox ní Amẹ́ríkà, láìgbìmọ̀ pọ̀, ṣe àwárí ike kan náà tí a ń pè ní polycarbonate. Ìwúwo rẹ̀ kò tó ìdajì ti jígí tí a fi yanrìn yọ́. Bí ohun líle bá sì lù ú, a máa tẹ̀, a pín agbára ìlù náà ká ara rẹ̀, a sì padà sí ipò. Awò tí ó bá ní àmì Z87+ ti Amẹ́ríkà ti la ìdánwò kọjá: a ti ta ọta irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6.35 lu irú rẹ̀ pẹ̀lú eré tí ó ju kìlómítà 160 láàárín wákàtí lọ, kò sì fọ́. Ìdánwò yìí ṣe pàtàkì nítorí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára ìlù a di ìlọ́po mẹ́rin. Ike náà, bó ti mọ́ gaara tó, tún ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìtànṣán ultraviolet dúró, ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí ṣùgbọ́n tí ń ba ojú jẹ́. Jígí dúdú tí kò ní ààbò yìí burú ju àìlò lọ, nítorí ó ń tan ọmọlójú kí ó ṣí gbayawu, ìtànṣán náà a sì rí àyè wọlé bí olè.

Àwọ̀ ìyeyè ń kọ́? A máa dùn ún wò ní ọ̀sán ọyẹ́ tàbí nígbà tí kùrukùru bá bolẹ̀, nítorí ó ń sé ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ṣùgbọ́n lóru, ẹni tí ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò tí kò ní púpọ̀ ni. Ìdánwò kan tí wọ́n ṣe ní Boston, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, fi hàn pé jígí ìyeyè kò ran awakọ̀ lọ́wọ́ láti rí ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn. Jígí tí ń pààrọ̀ àwọ̀ náà wà, èyí tí ultraviolet ń mú ṣókùnkùn tí ó sì ń padà mọ́ bí oòrùn bá wọ̀. Ó dára fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán tí ó parí sí alẹ́, bí ó bá lè mọ́ dé ìwọ̀n 0. Ṣùgbọ́n kí olúwarẹ̀ mọ̀ pé ìṣẹ́jú mélòó kan ni ó fi ń mọ́ padà, àti pé ooru kì í jẹ́ kí ó ṣókùnkùn tó bí ó ti yẹ.

Bí a bá wá dé ọjà, kì í ṣe dandan kí a wá èyí tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ń wọ̀. Awò gaara tí àwọn káfíńtà àti àwọn alágbẹ̀dẹ ń lò, tí wọ́n ń tà níbi tí a ti ń ta irinṣẹ́, yóò ṣe é, bí ó bá ní àmì Z87+ tàbí EN 166. Nítorí pé ọwọ́ ayédèrú lè tẹ àmì pẹ̀lú, kí a gbé awò náà sókè, kí a fi wo igun ilẹ̀kùn, kí a máa mì í díẹ̀díẹ̀. Bí igun náà bá ń wọ́ bí ejò, kí a dá a padà fún ọlọ́jà. Kí ó yí ojú ká dé ẹ̀bátí, nítorí afẹ́fẹ́ mọ ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n kí àyè díẹ̀ wà fún atẹ́gùn lókè tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru ojú a di ìrì sínú jígí nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá dúró.

Ike yìí le sí ìlù, ṣùgbọ́n ó rọ̀ sí híha. Eruku ọyẹ́ ní yanrìn wẹ́wẹ́ nínú, ẹni tí ó bá sì fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún ní gbígbẹ ń fi yanrìn ha jígí ni, iná mọ́tò tí ń bọ̀ níwájú yóò sì máa tú yẹ́ríyẹ́rí lára ìlà kọ̀ọ̀kan. Omi ni kí a kọ́kọ́ dà sí i, kí a fi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, kí a fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Kí a má ṣe fi bẹntiróòlù nù ún láé, nítorí a máa sán an wẹ́wẹ́. Bí nǹkan bá sì wọ ojú láìka gbogbo èyí sí, kí a má fi ọwọ́ ra á, kí a má kán àgbo sí i. Omi mímọ́ ni kí a fi ṣàn án, bí ìrora kò bá sì lọ, kí a gba ilé ìwòsàn lọ kíá, irú èyí tí ìjọba àpapọ̀ ní ní Ìdó-Èkìtì.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Gbogbo wa ni a mọ èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mú alákàn létí odò mọ̀ pé kòtò kékeré kan wà níwájú igbá ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ó máa ń ká ojú náà sí bí ewu bá súnmọ́ ọn. Ẹlẹ́dàá kò fún ọmọ ènìyàn ní irú kòtò bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àti làákàyè ni ó fún wa. Nítorí náà, nígbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Ìtapàjí, tí a bọ́ jígí dúdú sínú àpò, kí a má gbàgbé láti mú èyí tí ó mọ́ gaara jáde kí a tó gun kẹ̀kẹ́.