Bí Wọ́n Ṣe Ń Ra Ọlọ Ni Kí Á Ra Ẹ̀rọ Ìlọta

Ní ayé àtijọ́, kò sí obìnrin Yorùbá tí ń fi oṣù mẹ́ta ronú kí ó tó ra ọlọ. Yóò dé ìsọ̀ lọ́jà, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú òkúta náà, yóò wò ó bóyá ó le dáadáa, nítorí òkúta tí kò bá le yóò máa da iyanrìn sínú ata. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò nájà, yóò sanwó, aláàárù yóò sì gbé e lé orí. Ọlọ náà yóò wà ní ìdí àdògán títí tí ọmọ tí a bí lọ́dún náà yóò fi di ìyá ọlọ́mọ.

Ayé ti yí padà. Ní Ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, ní agbègbè Ajah lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, ibi tí a fi sọ orí àgbà amòfin ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó nì, ẹni tí ó ṣe olórí ẹgbẹ́ Afẹ́nifẹ́re, tí ó sì dágbére fún ayé ní ọdún 2008, ilé tí kò ní ẹ̀rọ ìlọta, èyí tí àwọn ọmọdé ń pè ní bílẹ́ńdà, ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀rọ náà ti wọ inú ẹrù ìyàwó. Ṣùgbọ́n oríṣi kan wà tí owó rẹ̀ lé ní owó oṣù òṣìṣẹ́ púpọ̀, èyí ni ó sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀.

Kò ṣòro láti fojú inú wo tọkọtìyàwó kan níbẹ̀. Ọkọ ti kó orúkọ ẹ̀rọ mẹ́fà jọ sínú fóònù rẹ̀. Èyí tí ó yàn lánàá kọ́ ni ó ń yìn lónìí. Ìyàwó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká ra ọ̀kan o, ata ilé ti ń bàjẹ́.” Ọkọ dáhùn pé, “Ní sùúrù, Ìyá Ìbejì, mo ṣì ń wò ó.” Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ata ń lọ sí ẹ̀rọ ọjà, ibi tí àwo irin méjì ti ń ha ara wọn sínú ohun tí a óò jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé ìbejì ń bẹ nínú owó tí wọ́n fẹ́ ná yìí. Àṣìrà kò dára fún wọn rárá.

Ohun tí a fẹ́ lọ̀ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Stephen Poplawski, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní Poland, tí ó ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní ọdún 1922, ohun mímu oní-mílíìkì ni ó ní lọ́kàn. Kò mọ ẹ̀wà bíbó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ rodo. Ẹ̀rọ kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju watt 350 sí 500 lọ yóò lọ tòmátì tí ó lómi, kò ní wàhálà. Ẹ̀wà àkàrà tí a kì í bomi púpọ̀ sí ni yóò mú un rùn bí rọ́bà tó ń jóná. Nítorí náà, ilé tí ń dín àkàrà ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ní ìdí láti ra èyí tó lágbára. Ilé tí kò lọ ju ata lọ, tí ó wá ra olówó ńlá nítorí pé aládùúgbò rà á, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n ti kìlọ̀ fún un tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ agbára tí yóò yí i ló kù, ibẹ̀ gan-an ni owó sì ti ń ṣòfò jù. Apá obìnrin ni ó ń yí ọmọ ọlọ. Iná mànàmáná ni ó ń yí ẹ̀rọ. Iná ilẹ̀ wa jẹ́ 230 volt. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà rí bẹ́ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Ẹ̀rọ tí àbúrò ìyàwó fi ránṣẹ́ láti Houston, bí a bá kì í bọ iná ilé ní Ajah bẹ́ẹ̀, èéfín ni yóò kọ́kọ́ lọ̀ jáde. Ó di dandan kí a ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò máa dín agbára iná kù fún un, èyí tí ó lè gbé nǹkan bí watt 2,000, tí ó wúwo, tí ó sì ń gba àyè lórí tábìlì ìdáná. Ẹni tí ẹbí rẹ̀ wà ní London ti bọ́ nínú ìyẹn.

Bí iná bá lọ ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráyé sọ ní “I better pass my neighbour” kì í gbé ju nǹkan bíi watt 650 lọ, nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta olówó ńlá sábà máa ń bèèrè watt 1,200 sí 1,500. Ilé tí kò ní ju irú jẹnẹrétọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ọjọ́ tí iná bá wà nìkan ni yóò máa jẹ àǹfààní owó rẹ̀. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Nígbà tí a bá ti dáhùn èyí, mẹ́fà inú fóònù yóò ti di méjì. Bí ojú ọlọ bá dán jù, àwọn ìyá wa a máa fi òkúta mìíràn ṣá a kí ó lè tún mú. Ọ̀bẹ ìdí ẹ̀rọ àti rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi jò náà ń gbó. Èyí tí a lè rí ọ̀bẹ rẹ̀ rà ní Èkó ni kí a mú, kí a fi ìkejì sílẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ àti iye bọ́tìnnì rẹ̀ kò kan ọbẹ̀. (Ariwo rẹ̀ kan aládùúgbò, pàápàá ní aago márùn-ún ìdájí.)

Kí wọ́n ní kí ọlọ́jà tan án níṣojú wọn, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n máa bọ̀ nílé. Kí wọ́n sì ti rẹ ẹ̀wà sómi kí wọ́n tó jáde.