Ààtàn Kì í Ṣe Òpin Ọ̀nà: Ohun Tí Parakou Lè Kọ́ Lára Ìdánwò Àjùmọ̀ṣe

Ní ayé àwọn bàbá wa, ààtàn kì í jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé. Eérú ààrò, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ á dúdú, ìbẹ́pẹ á hù, tẹ̀tẹ̀ á hù, ìyá àgbà á sì já a sínú ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pe èyí ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ohun tí ó ti inú ilẹ̀ jáde ni ó padà sínú ilẹ̀.

Ìlú ti tóbi ju ẹ̀yìnkùlé lọ báyìí. Ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé ènìyàn 255,478 ni ó ń gbé ní Parakou: Bàrìbá, Dẹ́ńdì, Yorùbá, Fọ̀n, Fúlàní àti àwọn mìíràn. Ohun tí à ń dà nù náà ti yàtọ̀. Ọ̀rá, ike omi, táyà, wáyà àti bátìrì ti dara pọ̀ mọ́ èèpo iṣu, ààtàn kò sì lè jẹ wọ́n. A ń dáná sun wọ́n, tàbí kí àgbàrá gbé wọn lọ. Nígbà tí òjò bá le ní oṣù Kẹjọ, gọ́tà tí ọ̀rá ti dí ni ó ń da omi sínú ilé onílé.

Ìjọba kò dákẹ́. Òfin 2017-39, tí a ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Benin. Òfin náà dára. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ọjà Arzèkè lónìí yóò rí ọ̀rá lọ́wọ́ oníbàárà. Òfin lè sọ fún ènìyàn pé kí ó má lo ohun kan, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè kọ́ ọ ní ọ̀nà tí yóò gbà gbé ẹran tútù àti tòmátì dé ilé.

Àwọn onímọ̀ ti fún àṣà ààtàn àtijọ́ ní orúkọ tuntun. Économie circulaire ni ó ń jẹ́ ní èdè Faransé. A lè pè é ní ọrọ̀-ajé àyípo. Èyí tí ó gbilẹ̀ láyé òde òní ń lọ tààrà: a wa nǹkan nínú ilẹ̀, a fi ṣe ọjà, a lò ó, a dà á nù. Ti àyípo ń fẹ́ kí ohun tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹnì kan di ohun èlò lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí a sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe kí a tó ra tuntun.

Báwo ni odidi ìlú ṣe ń kọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀? Bí a bá wo àwọn ìlú tí ó ti gbìyànjú rẹ̀, a ó rí i pé àṣẹ nìkan kò tó. Ìdánwò kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò kan, ní ọjà kan, tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́ kan. Àwọn tí ọ̀ràn kàn á jọ jókòó, wọ́n á jọ ṣe é, wọ́n á jọ ka èrè àti àdánù, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibòmíràn.

Àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ní ọdún 1985, àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ti ṣe olùkọ́ rí ní California, dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Ìgbẹ́ ẹran ń wọ inú kòtò tí a dé pa, ó ń mú gáàsì jáde tí a fi ń dáná. Ohun tí ó kù nínú kòtò náà di ajílẹ̀ fún oko ẹ̀fọ́. Pàǹtí ilé adìẹ ń bí ìdin, ìdin sì di oúnjẹ ẹja. Kódà ewéko tí ń bo ojú ọ̀sà, tí ń dí ọkọ̀ apẹja lọ́nà, wọ́n ń kó o wá sọ di ajílẹ̀. Songhaï ní ẹ̀ka níhìn-ín ní Parakou pẹ̀lú. Kò yẹ kí ọ̀dọ́ ìlú wa kankan gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àlejò kí ó tó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ṣùgbọ́n oko tí ó ní ọgbà yíká ni Songhaï, ìlú kò sì ní ọgbà. Bí a bá fẹ́ mọ bí irú iṣẹ́ yìí ṣe lè rìn láàárín èrò púpọ̀, kí a wo Èkó. Ní ọdún 2012, Bilikiss Adebiyi-Abiola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Wecyclers. Àwọn ọ̀dọ́ ń gun kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gba àwọn òpópónà tóóró tí ọkọ̀ akólẹ̀ kò lè wọ̀. Wọ́n ń wọn ike àti agolo tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti ṣà sọ́tọ̀, ìdílé náà á sì gba máàkì lórí fóònù, èyí tí wọ́n lè fi gba ohun èlò ilé. Ilé-iṣẹ́ tí ń fi ohun àlòkù ṣe ọjà tuntun ni ó ń ra ẹrù náà. LAWMA, àjọ akólẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, bá wọn fọwọ́ sowọ́ pọ̀.

Ní ọdún kan náà, ní Lomé, ayàwòrán-ilé Sénamé Koffi Agbodjinou ṣí WoeLab fún àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Ní ọdún 2013, Afate Gnikou, ọ̀kan nínú wọn, fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti dà nù ṣe ẹ̀rọ 3D, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi ike yíyọ́ mọ nǹkan ní ìpele-ìpele. W.Afate ni wọ́n sọ ọ́. Ìbàdàn ti gbìyànjú tirẹ̀ ṣáájú wọn. Ní àwọn ọdún 1990, lábẹ́ ètò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí a ń pè ní Sustainable Ibadan Project, ìjọba, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn ará ìlú jókòó pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ń sọ pàǹtí ọjà di ajílẹ̀ sì dìde ní Bódìjà.

Kí a má rò pé ọ̀nà yìí wà fún àwọn tálákà nìkan. Ní ọdún 2020, Amsterdam kéde pé òun yóò dín ohun èlò tuntun tí òun ń lò kù sí ìdajì kí ó tó di ọdún 2030. Ṣùgbọ́n ìdánwò ti ṣáájú ìkéde. Láti ọdún 2014, ní De Ceuvel, ibi ìkan-ọkọ̀ àtijọ́ tí májèlé ti ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́, wọ́n ti gbé àlòkù ọkọ̀ ojú omi gun orí ilẹ̀, wọ́n sọ wọ́n di ibi iṣẹ́, wọ́n sì gbin ewéko tí ń fa májèlé náà kúrò.

Kí ni àwọn ìtàn wọ̀nyí ń sọ fún wa? Èkínní, ẹni tí yóò ra ohun tí a ṣà gbọ́dọ̀ wà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Bí kò bá sí, a kàn gbé ààtàn láti ibì kan sí ibòmíràn ni. Èkejì, ẹni tí ń ṣa nǹkan gbọ́dọ̀ rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ kíákíá. Ẹ̀kẹta, ìjọba ìlú gbọ́dọ̀ fún wọn ní àyè, kí ó sì dúró tì wọ́n, nítorí iṣẹ́ tí ó gbára lé owó àlejò nìkan, ọjọ́ tí owó náà bá tán ni yóò kú.

Parakou kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń yọ́ àlòkù alumíníọ̀mù di ìkòkò ọbẹ̀. Àwọn kan ń gé táyà di bàtà. Àwọn ìyá wa ń ra ìgò àti ike àlòkù láti fi ta òróró ẹ̀pà. Eérí tí ó kù nínú ògì ń lọ sí ẹnu ewúrẹ́. Owú tí à ń gbìn ní Borgou pàápàá kì í ṣe fún aṣọ nìkan: kóró rẹ̀ ń di òróró, ohun tí ó kù lẹ́yìn fífún rẹ̀ sì ń di oúnjẹ màlúù. Ohun tí ó kù ni pé àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí kò jókòó pọ̀ rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wo ọmọ tí ń ṣa irin kiri bí ẹni tí kò ní láárí. Ẹni tí ó ń pa gọ́tà wa mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìdọ̀tí ni a ń fi ojú ìdọ̀tí wò.

Ìdí nìyí tí a fi dábàá ìdánwò kan tí kò ju agbára wa lọ. Kí àwọn ìyálọ́jà Arzèkè gba ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan péré fún oṣù mẹ́ta, kí ewé àti èso tí ó bàjẹ́ máa wọ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ láti orí àtẹ, nítorí ajílẹ̀ tí bátìrì ti wọ inú rẹ̀ yóò fún ọmọ wa ní májèlé jẹ. Kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ẹrù máa gbé e, kí a sì san owó wọn. Kí mairie fún wọn ní ilẹ̀ tí wọn yóò kó o jọ sí, níbi tí wọn yóò ti máa yí i, tí wọn yóò sì máa bu omi sí i títí yóò fi jẹrà. Kí àwọn àgbẹ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí ìlú sọ iye tí wọ́n lè rà á. Yunifásítì Parakou, tí ó wà láti ọdún 2001, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó lè yẹ ajílẹ̀ náà wò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni kí wọ́n máa wọn ẹrù náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, ní Faransé, ní Bàrìbá àti ní Dẹ́ńdì, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọjà níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i. Bí ìdánwò náà bá yọrí sí rere, ìsọ̀ kejì yóò béèrè fún tirẹ̀. Bí kò bá yọrí, ìwé ara ògiri yóò fi ibi tí ó ti kùnà hàn wá, a kò sì ní ná owó gbogbo ìlú sórí àṣìṣe. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má dúró de ìgbà tí àjọ ńlá kan yóò dé láti òkè òkun. Òṣùwọ̀n kan àti ìwé kan tó láti bẹ̀rẹ̀, òjò oṣù Kẹjọ kò sì ní pẹ́ tún dé.