Ilé ńlá, àpò òfìfo: bí owó orí ilé ṣe kan àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ jẹ́ ká fi baba kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ní Ọ̀yọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Igbá ló ń fín kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Yàrá mẹ́jọ ló wà nínú ilé rẹ̀. Márùn-ún wà ní títì, torí Èkó àti Ìbàdàn làwọn ọmọ ń gbé. Bí òṣìṣẹ́ kánsù bá mú ìwé owó orí ilé dé, baba ló máa bá nílé, òun náà ló sì máa gbà á.

Kí ni wọ́n ń díye lé?

Owó tí ilé lè mú wọlé lọ́dún bí ayálégbé bá wà níbẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó yìí, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì réètì. Wọn kì í wo àpò onílé. Ayálégbé kan ò sí lọ́dọ̀ baba, síbẹ̀ owó tí ẹnikẹ́ni ò san fún un rí ni wọ́n fi ń díwọ̀n ohun tó máa san. Ní agboolé, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ẹbí ló nilé, ẹni tó jókòó sílé ni ìwé ń bá.

Ta ló lè dín in kù?

Ìwé òfin ọdún 1999 fi owó yìí sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn Àtìbà, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, títí kan Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni yóò la ọ̀nà tí wọ́n máa gbà gbà á. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ìdẹ̀rùn fún àgbà, Agodi ní Ìbàdàn, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin náà wà, ni kó kọjú sí. Òṣìṣẹ́ kánsù tó gbé rìsíìtì dání ò lágbára kankan.

Báwo làwọn mìíràn ṣe ṣe é?

Òfin Èkó ọdún 2018, tí wọ́n tún ṣe ní 2020, yọ ilé tí ẹni tó ti fẹ̀yìntì ń fúnra rẹ̀ gbé kúrò nínú owó orí ilé. Ní Texas, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá wà, bí onílé bá ti pé ọdún 65, owó ilé ìwé tó ń san lórí ilé rẹ̀ kì í sábà lọ sókè mọ́.

Àwọn mìíràn fún àgbà lówó. Èkìtì bẹ̀rẹ̀ ní 2011 pẹ̀lú ₦5,000 lóṣù fún àwọn tó ti pé ọdún 65. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó dúró. Ọ̀ṣun fún àgbà 1,602 ní ₦10,000 lóṣù. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìjọba fi ₦15,000 kún owó àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn ní 2023. Tíṣà tó fẹ̀yìntì ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí i gbà. Afíngbá, ahunṣọ àti àgbẹ̀ ò sí nínú ìwé pẹ́ńṣàn, ilé ni gbogbo ohun tí wọ́n fi ayé wọn kó jọ.

Ohun tí Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí rí

Ní oṣù Keje ọdún 1969, nínú rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ fi kọ owó orí, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ọlájídé Ọláyọdé, ọba Ògbómọ̀ṣọ́. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, làwọn àgbẹ̀ ní àwọn lágbára láti san. Pọ́n-ùn méjì ni ìjọba sọ owó orí náà dà nígbẹ̀yìn. Owó orí ìgbà náà ka orí, kò wo bí oko ti ṣe lọ́dún náà. Owó orí ilé ń díye lé yàrá, kò wo ẹni tó ń sùn níbẹ̀.

Ohun tó kù sọ́wọ́ àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi nìyí: kí wọ́n dá owó náà jọ gẹ́gẹ́ bí owó ẹbí, kí wọ́n sì kọ̀wé sí aṣojú wọn l'Ágodi pé kí òfin kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ orí onílé, kó tó díye lé yàrá márùn-ún tó wà ní títì.